Ọ̀dà tó nípọn kọ́ ló ń mú kí alùpùpù kékeré dán

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn tí ẹ ń gbé jáde fún wa. Mi ò kìí sáábà kọ lẹ́tà sí yín, mo máa ń kà á ni, màá sì gbé e fún ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lójú ewé iṣẹ́ ọwọ́ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ ń ṣàlàyé béèyàn ṣe lè to alùpùpù eré ìje kékeré, àwọn tó máa ń wà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, tí a ó fọwọ́ ara wa tò, tí a ó sì kùn ún. Inú mi dùn gan-an pé irú nǹkan báyìí wọ ìwé ìròyìn Yorùbá, mo tiẹ̀ kà á sókè fún àwọn ará ilé mi. Àfi ìgbà tí mo dé ibi tó ti ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fín ọ̀dà rẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó pọ̀, kó bò ó, kó lè dán gbinrin. Háà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn yẹn máa ba iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ni, èyí tó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni pé á rò pé ọwọ́ òun ni ò dáa, á kó gbogbo ẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò ní padà sídìí ẹ̀ mọ́. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó ń ṣe tiẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́, gbé ìwé ìròyìn yín wá bá mi, ó ní, "Dádì, ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yìí ni kí n ṣe é? Torí ẹ̀yin ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi." Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bó ṣe kéré tó, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù fún alùpùpù eré ìje ni 1/12, ìyẹn ni pé tí ẹ bá to méjìlá irú rẹ̀ tẹ̀léra wọn, wọ́n á gùn tó ojúlówó kan. Máṣíìnì tó gùn ní mítà méjì, sẹ̀ǹtímítà 17 péré ló máa jẹ́ lórí tábìlì yín. Ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 180, tí wọ́n bá ṣe é mọ́ ọn, sẹ̀ǹtímítà 15 ni. Àwo bíréèkì iwájú tó jẹ́ mílímítà 320 lára ojúlówó, kò ní ju mílímítà 27 lọ, nǹkan tí àtàǹpàkò lè bò mọ́lẹ̀. Ẹ wá fi ọ̀dà sínú ìṣirò yẹn. Tí ọ̀dà tí ẹ fín bá nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, ojú yín ò lè sọ pé ó pọ̀, àmọ́ ẹ fi méjìlá sọ ọ́ di púpọ̀, ó ti di mílímítà 1.2, ó wá dà bí ẹni pé wọ́n fi síbí rọ́ ọ̀dà sára ojúlówó. Kò sí ẹgbẹ́ eré ìje tó jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa yọ gíráàmù kan kúrò lára bóòtù tí wọ́n fi ń de máṣíìnì. Àwọn ilà tó pín ike kan kúrò lára èkejì á dí, orí bóòtù wẹ́wẹ́ á di kùlùkùlù, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé níwájú á sún mọ́ra wọn, gbogbo iṣẹ́ tí àwọn tó ṣe ike yẹn ṣe sára rẹ̀ ni ọ̀dà máa sin. Ó lè dán o, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n dídán ọṣẹ tó rẹ sómi ni.

Èmi náà ṣe é rí. Ohun tí mo fi kọ́gbọ́n ni Yamaha YZR-M1 ti ọdún 2004, èyí tí Valentino Rossi gùn, nọ́ḿbà 46. Àwọn tó ń wo eré ìje á rántí ọdún yẹn. Rossi ti fi Honda gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́dún 2001, 2002 àti 2003, ló bá dìde, ó fi wọ́n sílẹ̀ lọ bá Yamaha, tí wọn ò tíì gba ife náà láti ìgbà tí Wayne Rainey ti gbà á fún wọn ní 1992. Ìje àkọ́kọ́ tó bá wọn gùn, ní Welkom ní South Africa, ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, ó gbégbá orókè, Max Biaggi wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá títí dé òpin. Lẹ́yìn ìgbà tó gba òpin kọjá, ó gbé máṣíìnì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó jókòó tì í, ó sì fẹnu kò ó. Èèyàn wo ló máa rí ìyẹn tí kò ní wù ú kó ní irú máṣíìnì yẹn nílé? Ó sì tún gba ife ẹ̀yẹ ọdún yẹn náà.

Mo wá rí i rà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti gbé e pamọ́ sínú páálí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti Tamiya ni, àwọn ará Japan tó wà ní Shizuoka, ìwọ̀n 1/12. Kò sí ẹyọ kan tó sọnù nínú ẹ̀. Ara mi ò balẹ̀. Mo gé ẹ̀wù máṣíìnì náà kúrò lára ẹ̀ka ike tó so mọ́ (ike tó bo ara rẹ̀ láti iwájú wá sí ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n ń pè ní fairing, èmi ń pè é ní ẹ̀wù torí iṣẹ́ ẹ̀wù ló ń ṣe), mi ò fọ̀ ọ́, mi ò ha á, mi ò fi práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí à ń kọ́kọ́ fín kí àwọ̀ tó dé) sí i, mo gbé agolo búlúù, mo sún mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ sí i létí, mo fín in títí tó fi tutù rẹ̀rẹ̀. Fún bíi ìṣẹ́jú kan ó dà bíi dígí. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ ń pe èèyàn wá wò ó. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ọ̀dà náà ti ń rìn. Ó kóra jọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí nọ́ḿbà 46 ẹ̀gbẹ́ máa wà gan-an, ó sàn bí omijé, ó sì dúró sétí ike náà ní kókó kan báyìí. Mo ní kí n fi ìka yọ kókó yẹn kúrò kíá kó tó gbẹ. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ka sórí ìwé? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìlà ìka mi ṣe hàn lára máṣíìnì Rossi. Mo tún fín òmíràn lé e lórí pé kó bò ó. Kò bò ó. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, tí mo bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó ṣì ń tẹ̀ wọlé, torí ojú rẹ̀ nìkan ló gbẹ, inú ṣì rọ̀.

Òru méjì ni mo fi bọ́ ọ̀dà yẹn kúrò, mo fi ọtí isopropyl rẹ ẹ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ máa rọra gbo ó. (Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ẹ̀ka ike tí ẹ ò nílò o, kí ẹ tó ki gbogbo ẹ̀ bọ inú rẹ̀.) Ìgbà tí ike náà padà funfun, mo jókòó, mo wò ó, ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mi ò wò tẹ́lẹ̀: ibi tí mo ti gé e lára ẹ̀ka rẹ̀ ṣì yọ sóde ṣóńṣó, ilà tí ike fi pàdé nínú mọ́ọ̀dù (ohun tí wọ́n fi da ike náà) gba àárín rẹ̀ kọjá, gbogbo rẹ̀ ni mo sì fẹ́ fi ọ̀dà bò. Ọ̀dà kìí bo nǹkan mọ́lẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, ó máa ń tú u fó ni, pàápàá èyí tó bá ń dán.

Abẹ́ ni dídán ti ń wá. Tí mo bá ní wákàtí mẹ́wàá fún ẹ̀wù máṣíìnì àti táńkì rẹ̀, mẹ́fà ninu ẹ̀ ti lọ kí n tó ṣí ọ̀dà rárá. Àkọ́kọ́, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ, torí epo máa ń wà lára ike láti inú mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ṣe é, ọ̀dà kìí sì í fẹ́ràn epo. Tí ẹ bá ń gé e lára ẹ̀ka, ẹ má gé e mọ́ra lẹ́ẹ̀kan, ẹ gé e jìnnà díẹ̀, kí ẹ tún padà gé èyí tó kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ike á ya wọ inú ara nǹkan tí ẹ fẹ́ lò, á sì fi àpá funfun sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni sáńpépà, nọ́ḿbà 400, kó tó kan 600, kó tó kan 1000, bí nọ́ḿbà bá ṣe ń ga sí i ló ṣe ń jọ̀lọ̀ sí i. Táńkì epo ni mo máa ń bá fà jù. Apá òsì àti apá ọ̀tún ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, wọ́n á pàdé láàrin gan-an níbi tí ojú gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ bà lé. Gọ́ọ̀mù tó ṣàn bí omi tí à ń lò fún irú ike yìí kìí lẹ nǹkan pọ̀ bíi gọ́ọ̀mù ìwé o, ṣe ló ń yọ́ ike méjèèjì tí wọ́n á fi di ẹyọ kan. Nítorí náà ẹ fún wọn pọ̀ títí ike yíyọ́ á fi yọ díẹ̀ sókè lójú ìlà, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó ha á kúrò, ìlà á sì wábi gbà.

Práímà lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn kan rò pé kí ọ̀dà lè di ike mú nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Èmi, nítorí kó lè fi àṣìṣe mi hàn mí ni mo ṣe ń lò ó. Ike aláwọ̀ kan ń tan ojú jẹ, ṣùgbọ́n bí práímà eérú bá ti bà lé e, gbogbo ibi tí sáńpépà ha, gbogbo kòtò, á jáde síta. Mo máa ń gbé e sábẹ́ iná, màá máa yí i sí ọ̀tún sí òsì, màá fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí ò dáa, màá padà ha ibẹ̀, màá tún fín práímà. Nígbà míì ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọ̀ tó ń bọ̀ lórí ló sì máa sọ èyí tó yẹ kó wà nísàlẹ̀. Yẹ́lò àti àwọ̀ ọsàn ò lágbára, wọn kìí bo nǹkan, práímà funfun ni kí ẹ gbé e lé. Pupa máa ń jí lórí píńkì. Tó bá jẹ́ àwọ̀ irin tó ń kọ mànà, ẹ fi dúdú tó dán sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ra ṣíbí ike tí wọ́n ń lò dànù, ẹ máa dán gbogbo àwọ̀ wò lára rẹ̀, ó tẹ̀ bíi ẹ̀wù máṣíìnì, ó tún yọ síta bíi táńkì, ohun tí ọ̀dà bá ṣe lára ṣíbí náà ló máa ṣe lára máṣíìnì yín.

Àwọ̀ ọsàn yẹn gan-an ló wà lọ́wọ́ ọmọ mi. Honda RC211V ni tiẹ̀, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà márùn-ún, 990cc. Ẹ ò rí i pé bí àwọ̀ náà ò ṣe tètè bo nǹkan yẹn, ìmọ̀ràn inú ìwé ìròyìn yín á dùn létí rẹ̀ gan-an, á ní ṣebí wọ́n ní kí n fín in kó pọ̀.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ọ̀dà inú airbrush (ẹ̀rọ kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ fín ọ̀dà), ẹ fi tínà, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń la ọ̀dà, pò ó títí yóò fi ṣàn bíi mílíìkì, kìí ṣe bí òróró. Ẹ jìnnà sí nǹkan náà tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Tó bá jẹ́ agolo ni ẹ ń lò, ẹ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí agbára rẹ̀ pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fín kó tó kan ike, ẹ gba orí rẹ̀ kọjá, kí ẹ tó dáwọ́ dúró lẹ́yìn tó ti kúrò lórí ẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ dúró lójú kan rárá. Ìfín àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dà bí ìgbà tí ìrì sẹ̀, kí práímà ṣì máa hàn lábẹ́ rẹ̀, ó máa burẹ́wà lójú yín, ọkàn yín á fẹ́ fi kún un, ẹ má dá a lóhùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ fín ìkejì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìkẹta á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán. Ìgbẹ̀yìn nìkan ló lè tutù díẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè tẹ́ kó má rí hẹrẹhẹrẹ bí èèpo ọsàn, ìyẹn náà ò sì gbọdọ̀ tutù débi tó ń rìn. Agolo tó tutù máa ń tu ọ̀dà jáde ní kánun kánun, ẹ gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, omi tí ọwọ́ lè gbà o, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ iná láéláé, kí ẹ tún mì ín dáadáa. Tí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí afẹ́fẹ́ bá tutù fún omi, ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, omi inú afẹ́fẹ́ á bà lé ọ̀dà tútù, á sì sọ ọ́ di funfun bíi kùrukùru.

Àwọn baba wa ní ẹni tó bá fẹ̀lẹ̀ pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀, bó sì ṣe rí lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, torí ohun tí mo sọ yìí ò ṣòro fún ẹnikẹ́ni, kò gba ẹ̀bùn àbímọ́ni, àkókò ló ń gbà. Ẹ wá páálí tí ẹ máa fi bò ó tó bá ń gbẹ, kí eruku má bàá bà lé e, kí ẹ sì jáde kúrò nínú yàrá náà. Èmi máa ń jáde ni, torí tí mo bá dúró tì í, ọwọ́ mi á fẹ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ sítíkà wá kù. Ìlà méjì péré ni ẹni tó kọ̀wé yẹn fi sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni máṣíìnì eré ìje ti ń di máṣíìnì eré ìje lóòótọ́, torí ìpolówó àti nọ́ḿbà ló kún ara rẹ̀. Sítíkà yìí kìí ṣe èyí tí à ń bó lẹ́yìn ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan, inú omi ló ń wọ̀. Ẹ gé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, ẹ gbé e sórí tíṣù, kí ẹ dúró títí tó fi ń yọ̀ fúnra rẹ̀ lórí bébà. Ẹ má fi èékánná fà á, ó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ. Ẹ gbé bébà àti sítíkà dé ojú ibi tó ń lọ, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì tútù tì í bọ́ síbẹ̀. Ojú ọ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀, torí tó bá rí hẹrẹhẹrẹ, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ sítíkà, á máa hàn funfun bí ẹ bá gbé e sábẹ́ iná, kò sì sí ohun tí kílíà (ọ̀dà aláìláwọ̀ tí à ń fín gbẹ̀yìn) máa rí ṣe sí i mọ́.

Níbi tí ara máṣíìnì bá ti tẹ̀ kọrọdọ, bíi iwájú tí nọ́ḿbà wà, oògùn kan wà tí wọ́n fi ń mú sítíkà rọ̀, ẹ fi díẹ̀ kùn ún. Láàrin ìṣẹ́jú kan sítíkà náà á hunjọ bí awọ arúgbó. Ọjọ́ tí ọmọ mi kọ́kọ́ rí i ló pariwo pé ó ti bàjẹ́, ó ti na ọwọ́ kó máa tẹ́ ẹ, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ẹ fi sílẹ̀! Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án nígbà yẹn ó máa ya ni. Bó ṣe ń gbẹ, á tẹ́ padà fúnra rẹ̀, á wọ inú gbogbo ilà àti kòtò, bí ẹni pé wọ́n kùn ún síbẹ̀. Àwa méjèèjì jókòó, à ń wò ó, nọ́ḿbà náà ń nà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, kò tíì sú mi.

Sítíkà inú páálí tèmi ti pọ́n bí ìwé àtijọ́ torí ó ti pẹ́, funfun inú rẹ̀ ti di yẹ́lò. Tó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ fi sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹ dì í lẹ́nu pa, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí, fún ọjọ́ mélòó kan, oòrùn á fọ̀ ọ́. Ohun míì tí ẹ lè rí, tó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu, ni pé àyè kan máa ń ṣófo lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì ayé ìgbà yẹn nínú kit (páálí tí wọ́n kó wẹ́wẹ́ rẹ̀ sí), bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò nǹkan wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ sìgá ló ń náwó sí eré ìje nígbà náà, àwọn tó ń ṣe kit kìí sì í sábà fi orúkọ sìgá sí i, àwọn tó ń tẹ sítíkà lọ́tọ̀ ló ń tà á. Ní 2005 ni òfin Yúróòpù wá ká sìgá lọ́wọ́ kò lórí ìpolówó bẹ́ẹ̀. Èmi fi àyè tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó jọ fọ́tò pátápátá, kò burú.

Ìgbà tí sítíkà bá ti gbẹ tán ni kílíà tó kàn, níbí ni dídán tí ẹni tó kọ̀wé yẹn ń wá wà gan-an. Òun náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Èyí àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó balẹ̀ tán, torí tínà inú rẹ̀ lè jẹ sítíkà, ẹ lè padà fín in kó tutù díẹ̀ lẹ́yìn bíi ìgbà méjì mẹ́ta. Ẹ wá fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní ọ̀sẹ̀ kan o. Lẹ́yìn náà ẹ fi sáńpépà 2000 àti omi rọra gbo ó, ẹ tẹ̀lé e pẹ̀lú 3000, gbogbo dídán á lọ, á ṣú bíi dígí tí wọ́n mí sí, ẹ má fòyà. Ẹ ṣọ́ra fún etí àti ibi tó bá ṣẹ́po, torí ọ̀dà máa ń sá kúrò níbẹ̀, ó fẹ́lẹ́ níbẹ̀ ju ibòmíì lọ, ẹ gbo ó lẹ́ẹ̀mejì péré ẹ ti rí práímà. Ẹ wá fi aṣọ tó rọ̀ àti kọ́mpáùǹdù tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà gbo ó róbótó róbótó. Ọjọ́ tí mo ṣe ti M1 yẹn lẹ́ẹ̀kejì, tí mo nu kọ́mpáùǹdù náà kúrò, gílóòbù orí àjà hàn nínú búlúù náà, etí rẹ̀ mú ṣáṣá. Mo na ìka mi sí i láì kàn án, mo sì rí ìka náà nínú rẹ̀, níbi tí mo ti tẹ̀ka sí ní ìjọ́sí.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ fi kún un, ẹni tó kọ̀wé yẹn ò sọ ọ́ rárá. Kìí ṣe gbogbo ara máṣíìnì ló gbọ́dọ̀ dán. Ẹ̀wù àti táńkì nìkan ni. Ẹ́ńjìnnì ò kì ń dán bíi dígí, ẹ fi ọ̀dà irin tó kú díẹ̀ kùn ún, ẹ wá po ọ̀dà enamel dúdú pẹ̀lú tínà tó pọ̀ títí á fi dà bí omi ẹlẹ́rẹ̀, ẹ kán an sí i, á sá wọ inú kòtò gbogbo, ẹ nu orí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni bóòtù àti ilà máa yọ síta. Ṣọ́ọ̀kì iwájú máṣíìnì yẹn ń jẹ́ àwọ̀ wúrà. Sàlẹ́ńsà titanium, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, ló wù mí láti kùn jù nínú gbogbo rẹ̀: iná ẹ́ńjìnnì ló ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ibi tó gbóná jù máa ń di búlúù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ní àwọ̀ elésè àlùkò, kó tó wá di àwọ̀ wúrà bó ṣe ń jìnnà sí iná, ẹ fín àwọn àwọ̀ tó mọ́ gaara yìí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ ní ìtẹ̀léra yẹn, kí wọ́n wọnú ara wọn. Táyà rọ́bà inú kit máa ń dán bíi tuntun, ẹ fi sáńpépà gbo ojú ibi tó ń kan ilẹ̀ kó ṣú, torí táyà eré ìje tó ti sáré ò kì ń dán. Ìgbà tí ibi tó yẹ kó ṣú bá ṣú ni èyí tó ń dán máa tó hàn.

Ọ̀rọ̀ ara yín náà ṣe pàtàkì. Èéfín tínà àti ọ̀dà lacquer ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń gbaná. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ lo ìbòmú tó ní àsẹ́ fún èéfín kẹ́míkà, kìí ṣe ti aṣọ lásán, ẹ má sì fín nǹkan níbi tí iná wà. Kílíà oníméjì tí wọ́n ń pò pọ̀, tó ń le bí òkúta, dídán rẹ̀ ò láfiwé, ṣùgbọ́n isocyanate wà nínú rẹ̀, ó lè ba èémí èèyàn jẹ́ pátápátá, kí ọmọdé àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ má sún mọ́ ọn.

Ẹ̀yin Olóòtú, mi ò sọ pé kí ẹ dá ewé iṣẹ́ ọwọ́ yẹn dúró o, kí ẹ máa gbé e jáde lọ ni mo fẹ́, ẹni tó kọ̀wé náà sì ṣe dáadáa nípa gọ́ọ̀mù àti bí wọ́n ṣe ń to ríìmù, mo kọ́ nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi tẹ àtúnṣe kan ṣoṣo yìí sójú ewé kan náà, kó hàn ketekete: kí wọ́n fín ọ̀dà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, kó gbẹ láàrin wọn. Ẹ tètè tẹ̀ ẹ́, torí ẹnì kan lè ti gbé agolo dání.

Táńkì RC211V ọmọ mi wà nínú páálí báyìí, ìfín kejì ló wà, práímà funfun ṣì ń hàn díẹ̀ lábẹ́ àwọ̀ ọsàn náà. Ó ti wá ṣí i wò lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, kò fọwọ́ kàn án.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín